Orúkọ Mẹ́tàlélógójì tí Mo Pa Rẹ́

Ọmọ mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Básírì, níbí ní Adó. Bí mo bá lọ kí i, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ á gbé àga fún mi, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Èyí tí wọ́n bi mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni pé: "Màmá, ṣé èèyàn lè fi iṣẹ́ yìí lo gbogbo ayé rẹ̀ kó má kábàámọ̀?" Nígbà tí mo délé ni mo mú ìwé àti bírò, mo ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ kà á, kí ẹ sì fúnra yín pinnu. Mi ò ní sọ fún yín pé ọkàn mi balẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀.

Ìyìn-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ìjọ Kátólíìkì là ń lọ. Felicia ni wọ́n sọ mí níbi ìrìbọmi, ṣùgbọ́n Fẹlí ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ taipuráítà ṣe. Ó ní, "Uṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn." Mo ní mo mọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí Adó, ó sì fà mí lé Bàbá Láwàní lọ́wọ́.

Mùsùlùmí ni Bàbá Láwàní, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Òkèṣà. Odidi oṣù mẹ́ta ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, ọwọ́ mi bó, ó sì ń ta mí. Bí oníbàárà bá gbé ẹ̀rọ wá, Bàbá kì í tú u. Ìbéèrè ló máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n títí á fi sú wọn. Kí lẹ ń tẹ̀ nígbà tó bàjẹ́? Ta ló lò ó kẹ́yìn? Ṣé ohun kan wà nínú rẹ̀? Mo máa ń rò nínú mi pé baba yìí ń fi àkókò ṣòfò.

Lọ́jọ́ kan tó lọ kírun ọ̀sán, akọ̀wé kóòtù kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ó sì lọ. Mo fẹ́ kí Bàbá bá a ní títú. Mo rí ìwé kan tó há sínú rẹ̀, mo fà á yọ, ó ya, mo rún un, mo jù ú sínú garawa kẹrosíìnì. Ìwé ẹ̀rí ẹjọ́ ni, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ti padà sí ìlú rẹ̀. Bàbá Láwàní kò nà mí, kò bú mi. Ó ní kí n wọ bàtà mi, kí n rìn lọ sí ilé akọ̀wé náà ní Ìjìgbò, kí n fẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ya á?" Mo sunkún lọ, mo sunkún bọ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe tìrẹ, Fẹlí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an kò tilẹ̀ jẹ́ tìrẹ rárá. Máa béèrè kí o tó fọwọ́ kàn án."

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fún mi ní òmìnira iṣẹ́, wọ́n gbà mí síṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, mo ń tún taipuráítà ọ́fíìsì ṣe. Mo lọ́kọ níbẹ̀, mo bímọ. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo àwa tí a jẹ́ ọmọ Èkìtì máa lọ sílé. A kó ẹrù wa wá sí Adó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí kọ̀ǹpútà fi dé, taipuráítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú yàrá ẹrù lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rán mi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí kọ̀ǹpútà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló yé mi tí mo fi dé, ìyókù jẹ́ ẹ̀rù.

Ọ́fíìsì tí wọ́n fi mí sí ló ń kọ orúkọ gbogbo olùkọ́ tí wọ́n kó láti ìpínlẹ̀ àtijọ́ wá. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni a ní. Márùn-ún ni àwọn obìnrin tó ń tẹ̀wé ń lò. Ìkẹfà wà nínú yàrá ọ̀gá, sáfà là ń pè é, inú rẹ̀ ni gbogbo orúkọ ń lọ. Wáyà ló so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ àpótí pẹlẹbẹ kan tí iná kéékèèké ń tàn lára rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ orúkọ síbí, ó gba inú wáyà yẹn dé inú sáfà. Bí wọ́n bá ti tẹ orúkọ inú fọ́ọ̀mù tán, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù náà padà sí ilé ìwé tó ti wá. Olùkọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé wa kò sí nínú iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tuntun, bẹ́ẹ̀ Àkúrẹ́ náà ti pa fáìlì rẹ̀ dé. Ọ̀gá wa ni Ìyáàfin Fálówò, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán.

Ẹ̀rọ Bísí ló kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu. Bísí ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú àwọn tó ń tẹ̀wé. Lọ́jọ́ Ajé kan, ó lọ jẹun, ó padà dé, ojú ẹ̀rọ rẹ̀ ti ṣú. Ó mi máòsì, ojú ẹ̀rọ tàn, ó ní kò rí sáfà mọ́. "Àǹtí Fẹlí, sáfà ti sá lọ o!" Mo pa ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo yọ ẹnu wáyà, mo nù ún, mo tì í bọ ihò rẹ̀ padà, mo tan ẹ̀rọ. Sáfà dé. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún sọnù. Mo pa ẹ̀rọ, mo pààrọ̀ wáyà látòkè délẹ̀, mo tàn án. Ó dé. Mo ní wáyà ló bàjẹ́. Lọ́jọ́ Rú ó tún lọ. Mo pa ẹ̀rọ, mo tú u, mo yọ káàdì tí wáyà ń wọ̀, mo fi òmíràn sí i. Ó dé. Mo ní káàdì ni. Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wò ó, ẹ̀rù tó bà mí lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Bí mo bá gbọ́ "Àǹtí Fẹlí" lẹ́yìn mi, màá ti di irinṣẹ́ mú kí n tó yíjú. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní gbogbo ọgbà náà, mo sì gbọ́ létí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹnì kan ń wí pé kí wọ́n kúkú lọ mú ọkùnrin kan wá láti Àkúrẹ́ kí iṣẹ́ má baà bàjẹ́ pátá. Ìwé orúkọ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, aago méjì ọ̀sán. Mo pinnu pé ètò tó ń gbé ẹ̀rọ Bísí ṣiṣẹ́ ló ti jẹrà, àfi kí n fọ inú rẹ̀ mọ́ kí n sì to ètò tuntun sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì náà ni mo ṣe é. Bísí kò tíì dé, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mi ò dúró dè é. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà, mo lo wákàtí mẹ́ta láti to tuntun. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ rí sáfà, ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́jọ. Bísí dé, ó kí mi, a jọ jẹ ẹ̀bà. Nígbà tí a wọlé padà, ojú ẹ̀rọ ti ṣú. Bísí mi máòsì.

"Àǹtí, kò rí sáfà o."

Mo jókòó.

Bísí ní, "Ẹ má dààmú. N óò máa fi í síbí bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀."

"Bí o ṣe ń ṣe báwo?"

"Gbogbo ìgbà tí kò bá ti rí sáfà, inú ẹ̀rọ níbí ni mò ń kó o sí kí iṣẹ́ má baà dúró. Ìjàn wà níbẹ̀, Ìyìn, Ìgèdè. Ilé ìwé méje. Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú sáfà lẹ́ẹ̀kan náà lọ́la." Ó tẹ nǹkan, ó tún un tẹ̀. "Àǹtí, níbo ló wà?"

Ó yí ojú sí mi, ó sì rí i lójú mi. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó kà á lórí ìwé kékeré tó fi ń ṣe àmì: orúkọ mẹ́tàlélógójì. Àwọn fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti padà lọ sí ilé ìwé wọn láti ọjọ́ Ẹtì.

Bísí fa àga mọ́ mi. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé iná ọba ló ṣẹ́jú tó bà á jẹ́. Ta ló máa mọ̀?" Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á nítorí mi. Mo sì rò ó. Òtítọ́ ni mo ń kọ níbí, mo rò ó dáadáa, mo tiẹ̀ ti ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ibi tí mo ti ń tò ó ni Ìyáàfin Fálówò wọlé, ó ní, "Bísí, ó ku ilé ìwé mélòó?" Mo dìde. Mo ní, "Mà, mo ti pa orúkọ èèyàn mẹ́tàlélógójì rẹ́. Èmi ni. Mi ò béèrè kí n tó nù ún."

Ìyáàfin Fálówò yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún sí ìró, ó tún un wọ̀.

"Àwọn fọ́ọ̀mù ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé ìwé wọn, Mà. Mo lè lọ kó wọn lọ́la."

"Àìsàn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí, ṣé ó ti yé ọ?"

"Rárá, Mà."

"Kó kọ́kọ́ yé ọ lónìí. Bí o bá kó fọ́ọ̀mù dé tí a tẹ̀ ẹ́ tán tó tún sọnù, kí la fẹ́ sọ?" Ó jáde. Ì bá sàn kó pariwo lé mi lórí.

Mo fa àga síwájú ẹ̀rọ náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo kàn ń wò ó ni. Mo béèrè lọ́wọ́ Bísí: kí lo máa ń ṣe gan-an kí ó tó sọnù? Ó ronú. Ó ní, "N kì í ṣe nǹkan kan. Mo máa ń lọ jẹun, tàbí kí n lọ bá ọ̀gá." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kì í ṣe nǹkan kan. Mo tún ẹ̀rọ náà tàn, sáfà dé, mo sì kó ọwọ́ mi lé itan. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá. Nígbà tó di bí ogún ìṣẹ́jú, ojú ẹ̀rọ ṣú fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti sùn. Mo dìde, mo bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wáyà ti wọlé. Iná àwọ̀ ewé kékeré tó máa ń tàn níbẹ̀ ti kú. Mo tẹ kíbọọ̀dù. Ojú ẹ̀rọ tàn, gbogbo nǹkan padà bó ṣe wà. Àmọ́ iná ẹ̀yìn yẹn kò tàn. Mo lọ wo àpótí pẹlẹbẹ náà, iná tirẹ̀ fún wáyà yẹn kú pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ náà jí, ṣùgbọ́n káàdì inú rẹ̀ kò jí. Kò sí ohun tó ṣe wáyà. Kò sí ohun tó ṣe káàdì àkọ́kọ́ ju ìkejì lọ. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé mo tún un ṣe, pípa tí mo pa á tí mo tún un tàn ló jí káàdì, mo wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wáyà tí mo pààrọ̀. Mo wọ inú ètò rẹ̀, mo wá ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó máa sùn, mo ní kó má sùn mọ́ láé. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo tún dúró wákàtí kan gbáko, mò ń wo iná kékeré yẹn. Kò kú. Mo gbé orí lé tábìlì.

Lọ́jọ́ Rú, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìyìn àti Ìgèdè. Àwọn olùkọ́ àgbà níbẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù pẹ̀lú ojú tó fà ro, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi. Ìjàn ló kù fún Ọjọ́bọ̀. Òjò pa mí lọ́nà, mo fi ọ̀rá wé àpò mi, ara mi rin gbingbin nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì hẹdimásítà. Bàbá àgbàlagbà ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó fi ọwọ́ lé orí fọ́ọ̀mù tó wà lórí tábìlì rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti yọ wá ni? Sọ òótọ́ fún mi, ọmọ mi."

"Wọn ò yọ yín, sà. Èmi ni mo sọ ọ́ nù."

"A fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ nù. N óò wá tún fún yín? Rárá o. Fọ́ọ̀mù yìí ò kúrò nínú ulé ìwé yìí."

Mo kúnlẹ̀ bí mo ṣe tutù yẹn. Mo ní kí ó jẹ́ kí n jókòó síwájú rẹ̀, kí n fi ọwọ́ dà á kọ, kí fọ́ọ̀mù má kúrò lójú rẹ̀. Ó gbà, ó ní kí wọ́n fún mi ní aṣọ gbígbẹ láti fi nu ara. Mo kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà ń kà á lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo parí, mo kà wọ́n: mẹ́wàá. Ìwé Bísí sì ní mọ́kànlá.

"Ẹnì kan kù, sà."

"Ògúnlẹ́yẹ ni ìyẹn. Ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Ìbàdàn. Ó mú fọ́ọ̀mù tirẹ̀ dání lọ. Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bísí tẹ orúkọ méjìlélógójì, ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi. Aago kan ààbọ̀, a tẹ gbogbo ìwé náà jáde. Mo kó o lọ sí iwájú Ìyáàfin Fálówò, mo sì sọ fún un nípa ẹni tó kù. Ó ní, "Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tó wọṣẹ́?" Mo ní orúkọ àti ilé ìwé nìkan ni mo mọ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà kò ní gba orúkọ lásán. Mo ní, "Mà, bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, èmi ni mo lé e kúrò níbi iṣẹ́." Ó wo aago. Ó ṣí bírò rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ orúkọ àwọn olùkọ́ Ìjàn, ó fi ọwọ́ kọ ọ́: Ògúnlẹ́yẹ. Ó fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì lu òòtẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi dúró, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa gba orúkọ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, tí àwọn olùkọ́ ń ti ara wọn láti wo orúkọ, mo gbọ́ ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. "Ta ni eléyìí tí wọ́n fi bírò kọ? Rìbá ló fi wọlé." Ọ̀rọ̀ náà dé Ìjàn kí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ tó dé.

Ó wá sí ọ́fíìsì wa ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ga, ó wọ awò dúdú, bándéèjì wà lójú rẹ̀ kan. Ó ní, "Ta ló fi bírò kọ orúkọ mi? Wọ́n ń pè mí lólè ní ìlú mi." Mo jáde sí i, mo sọ ohun gbogbo fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí n wá. Ó mú mi lọ sí iwájú ògiri yẹn níbi tí èèyàn bí ogún dúró sí, ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan mi orí.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlẹ́yẹ mú ìwé kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀. "Kọ orúkọ rẹ síbí, àti yàrá tí o wà."

Mo rò pé ó fẹ́ fi ẹjọ́ mi sùn ni. Mo kọ ọ́. Ó kà á pẹ̀lú ojú kan tó ṣẹ́kù, ó ká a, ó fi pamọ́. Ó ní, "Bí wọ́n bá tún sọ orúkọ mi nù, mo fẹ́ mọ ẹni tí n óò wá bá."

Ó sì wá. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ gbé e ga, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ ṣì wà. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà wa ti lé ní ogójì, ojú wọn ti fẹ́lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ sì máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ní kí wọ́n béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, lẹ́yìn náà mo máa ń ní kí wọ́n lọ béèrè.

Ìgbà kejì rèé, ó kù díẹ̀ kí èmi náà fẹ̀yìn tì. Wáyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlẹ́yẹ ti di arúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló bá wá. Mo gbé àga fún un, mo wá orúkọ rẹ̀, ó jáde.

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá yí ojú ẹ̀rọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó fi ìka rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ náà, ó kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ka ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó ka ọjọ́ tó wọṣẹ́, ó ka Ìjàn. Èmi náà ń kà á lẹ́yìn rẹ̀ títí dé òpin. Nígbà tó kà á tán, ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun jókòó níbẹ̀ díẹ̀ sí i, kí òun máa wo orúkọ náà.